Ọmọ Mẹ́sàn-án Tí A Bí fún Bàbá Àgbà

Nígbà tí ìwé bàbá wa dé láti Abẹ́òkúta nínú àgbá oníke mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kéde pé a ó dá ilé ìkàwé ẹbí sílẹ̀. Ilé ìkàwé ọ̀hún ni ògiri kan ṣoṣo nínú pálọ̀ mi ní Barking Riverside, nílùú òyìnbó níbí, níbi tí tẹlifíṣọ̀n mi wà tẹ́lẹ̀. Òun tó ń gbé odidi ilé ní Alibon, àdúgbò tí kò jìnnà sí tèmi, ní ilé òun tutù jù fún ìwé. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

A to àwọn ìwé òfin tí bàbá wa rà tí kò ṣí rí sórí pákó òkè. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, ni a ti ìwé pélébé mẹ́rin tí Màámi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí. Ta ni yóò ka ìròyìn ìyàwó ilé?

Ẹ̀gbọ́n mi kà á. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àgbá ti dé, ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó bá Akọ́wé nínú ìwé náà, ó bá Òpéléńgé, Eyínmẹ́nugún, Ìdílẹ̀kẹ̀, títí wọ́n fi pé mẹ́sàn-án, Màámi sì pe gbogbo wọn ní ọmọ ilé. Kò sí ọ̀kankan wọn nínú orúkọ àwọn ọmọ tó wà nínú ìwé ètò ìsìnkú Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá gbé ìwádìí rẹ̀ sórí Wáásàpù ẹbí: Bàbá Àgbà bí ọmọ mẹ́sàn-án síta, wọ́n sì fi pamọ́ fún wa.

Àbúrò bàbá wa kan ní Abẹ́òkúta fi ohùn ránṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Èyí tí mo lè kọ síbí nínú rẹ̀ ni "kí Ọlọ́run dárí jì yín."

Mo bi Màámi léèrè. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, sùtánà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn.

"Èmi? Kí n pe ọmọ ọkọ mi lórúkọ?" Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. "Ṣé n ò kọ́ yín nílé ni? Gbogbo ẹni tí mo bá nílé ọkọ ni mo fún lórúkọ tèmi, títí dé ọmọ ọwọ́."

A ti kọ ènìyàn mẹ́sàn-án kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lórúkọ àbísọ àti lórúkọ tí Màámi fún wọn, a sì sọ wọ́n di ọmọ ìta. Èmi tí mò ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, èmi ni mo tẹ káàdì orúkọ wọn fún ilé ìkàwé wa.

Lọ́jọ́ Sátidé, a kó fọ́tò síwájú Màámi. Ó ń fi ìka tọ́ka. Òpéléńgé ni àbúrò bàbá wa oníṣẹ́jú mẹ́rìnlá, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé báyìí. A rí mẹ́jọ. Ó ku Ìdílẹ̀kẹ̀.

"N ò rántí," Màámi wí. Ó ti tó ọdún méjì tí dókítà ti sọ fún wa pé ìgbàgbé rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ orí lásán. Mo ka ìwé rẹ̀ sí i létí: "Ìdílẹ̀kẹ̀ pọn ọmọ mi nínú òjò lọ sí ọsibítù. Dókítà ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀pa ò bá má bóró mọ́."

Ọmọ ọ̀hún ni ọ̀jọ̀gbọ́n wa. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tún un kà.

"Sis, we have to find her," ló sọ níkẹyìn. "Ọmọ ìta ni mo pè é, lójú gbogbo ẹbí."

A pe Abẹ́òkúta. Òpéléńgé ní orúkọ tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan sọ wọ́n yàtọ̀, ta ló lè há gbogbo rẹ̀ sórí? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni Màámi, ọjọ́ sì ń lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé tíì wọlé fún un. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ tàn.

"Ìdílẹ̀kẹ̀! Ìgbà wo lẹ dé?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní mo jọ nínú ẹbí bàbá mi: àbúrò rẹ̀ obìnrin kan tó kú kí wọ́n tó bí mi. A ti rí i. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Mo gbé tíì kalẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ìyàwó wa."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ara ọmọ ti yá. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an."

Mo ní kò tọ́pẹ́.