Àpótí Bisikíìtì Kejì Tí Mineko Gbé Bọ̀ Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Pẹ́ńgúìnì

Tsukahara Mineko, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ni olórí àwọn alásè ní ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Hisae, tí òun náà ti dáná níbẹ̀ rí, ni wọ́n jọ máa ń rìnrìn àjò lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n Hisae ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú Sendai. Ojú ti Mineko láti sọ níbi iṣẹ́ pé òun nìkan ni òun ń lọ. Ó ní, "Èmi àti Hisae ni, bí a ti máa ń ṣe."

Ní ìlú etíkun tí ó lọ, ó wọ ilé ìwòran ẹja. Wọ́n lẹ ìwé ńlá kan tí ó ní orúkọ àti àwòrán àwọn pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ òkun tí wọ́n ń sìn níbẹ̀, mọ́ ògiri, wọ́n sì fi ọfà tọ́ka sí ẹni tí pẹ́ńgúìnì kọ̀ọ̀kan fẹ́, ẹni tí ó kọ̀ sílẹ̀, àti ẹni tí ó ń bá jà. Ẹyọ kan ṣoṣo, Konbu, ni ọfà kankan kò kàn. Mineko wá a rí láàárín àwọn yòókù, ó sì dúró tì í pẹ́.

Ọmọbìnrin tí ó ń bọ́ àwọn ẹyẹ náà rí i. "Ìyá, ẹ bọ́ síwájú, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin mélòó lẹ wá?"

"Àwa méjì ni. Ọ̀rẹ́ mi yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Kò burú, a ó dúró dè wọ́n."

Wọ́n sì dúró lóòótọ́: àwọn ọmọdé, àwọn òbí wọn, àti àwọn pẹ́ńgúìnì tí ebi ń pa.

Bàbá kan ní, "Ìyá, ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti gbé ọ̀rẹ́ yín mì ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mineko ní òun fẹ́ lọ wò ó. Kò padà mọ́.

Ìsọ̀ ni ó sá sí. Ẹni tí ó bá ti ìrìn àjò dé kì í wọ ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà ó ra àpótí bisikíìtì méjì, ó sì kọ "Láti ọwọ́ Hisae" sára èkejì.

Ní ọjọ́ Ajé, Nagao Tomie, alásè ẹgbẹ́ rẹ̀, tú àpótí méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé Hisae fọwọ́ rọ́ yín sẹ́yìn! Ṣokoléètì wà nínú tiẹ̀. Tiyín gbẹ bí pákó!"

Mineko rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fẹnu kan ẹyọ kan.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, káàdì Hisae dé sí ilé ìdáná. Tomie kà á sókè kí ó tó mọ ohun tí ó ń kà: "Mo rí káàdì ìdúpẹ́ yín. Ṣùgbọ́n n kò lọ síbì kankan o, orúnkún mi kò gbà. Bóyá ẹlòmíràn ni."

Tomie ṣẹ́ káàdì náà po.

"Ẹ̀gbọ́n," Tomie rẹ ohùn sílẹ̀, "ta wá lẹ bá lọ?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó yíjú sí ìrẹsì tí wọ́n ti ṣàn tẹ́lẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn án. Nígbà tí oṣù náà parí, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní ìlú wa pé Tomie ni ó fura, tí ó sì kọ̀wé sí Hisae láti fi dẹkùn mú ọ̀gá rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, ni mo kọ káàdì ìdúpẹ́ yẹn. Mo jẹ bisikíìtì méjì nínú àpótí Hisae, mo sì kà á sí ìwà ọmọlúàbí láti dúpẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá; orúkọ gbogbo ilé ìdáná ni mo fi fọwọ́ sí i. Tomie kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbọ́ tí wọ́n ń bú u, tí n kò sì la ẹnu mi.