Àmín Tí Mo Ṣe sí Àlá Ẹlòmíràn

Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ tí arábìnrin kan dìde nínú ìpàdé àdúrà wa pé òun lálàá. Láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti wá tààrà, ẹsẹ̀ mi wú. Ó ní òun rí Màmá, opó tó máa ń bá mi tọ́jú ọmọ mi ní Vickery Meadow, àdúgbò wa lókè òkun níbí, tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, tó gbé ajá sẹ́nu. Lóòótọ́, ajá kékeré méjì ti sọnù nínú ọgbà ilé wa lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé kòyóòtì, ẹranko igbó tó jọ ajá, máa ń wá láti etí odò ẹ̀yìn ilé. Síbẹ̀, nígbà tí arábìnrin náà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tú àṣírí àwọn tó ń para dà láàárín wa, mo ṣe àmín.

Màmá wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, Pleasant Grove ni mo ń gbé ọmọ lọ, sílé ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀nà jìn. Àárẹ̀ mi di méjì.

Nígbà tó yá, ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé nípa ìkookò. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kà á sí mi létí bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà: láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ìkookò a máa pa àwọn ọmọ tó ń da àgùntàn. Bí wọn ò bá rí ìkookò mú, wọ́n á mú ẹnì kan tó ń dá gbé, wọ́n á fìyà jẹ ẹ́ títí á fi jẹ́wọ́ pé òun ló ń di ìkookò.

Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ìkookò ò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn?”

“Ó ṣì máa ń wá.”

“Ta ni wọ́n wá mú nígbà yẹn?”

Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Màmá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì. “Ẹ káàárọ̀, mà.”

“O ò bẹ̀rù? Eyín mẹ́rin ló kù lẹ́nu mi. Ẹran rírọ̀ gan-an ń bá mi jà, ẹ ní mò ń jẹ ajá!”

“Ẹ má bínú, mà. Mo ṣe àmín sí i.”

“Mo gbọ́. Tìẹ ló rinlẹ̀ jù.”

Ó wo ọmọ mi, ó wá gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Irun ọmọ yìí ti rí wúruwùru. Mú un wá lọ́la.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi. Arábìnrin alálàá yíjú wò wá láti iwájú. Mo kí i, mo sì jókòó ti Màmá.