Bí A Ṣe Tún Orin Ìyá Onílé Mi Ṣe

Ẹ má bi mí pé ta ló ní kí n máa ṣe ìwé ìròyìn orin. Èmi náà ti bi ara mi títí, ó ti sú mi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Addo, lápá Lekki, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò gbà ju tábìlì méjì lọ. Lẹ́tà, ìwé ìbéèrè-fún-iṣẹ́, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ni mo máa ń bá yín tẹ̀. Yàrá tí mò ń gbé wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, nínú ilé ìyá àgbà kan tí gbogbo àwa ayálégbé ń pè ní Màmá.

Ọmọ onílẹ̀ ni Màmá. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀nà ńlá máa gba inú igbó ibẹ̀ kọjá. Nígbà tó wà lọ́mọge, àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ máa ń kọrin bí wọ́n bá ń yan ẹja, àwọn tí wọ́n sì jọ ń kọ ọ́ ti kú tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú orin náà. Lọ́jọ́ kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo ní, "Màmá, orin yìí mà dùn o. Kí la máa ṣe tí kò fi ní í parẹ́?" Ó ní, "Kọ ọ́." Ọ̀rọ̀ kan náà la ń lò fún ká fi bírò kọ ọ́ àti ká fi ẹnu kọ ọ́. Èmi lọ mú bírò.

Mo fọ̀rọ̀ náà lọ Tíṣà. Òun ló kọ́ mi ní Yorùbá nílé ìwé girama, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Jakande. Tíṣà ní ká sọ ọ́ di ìwé ìròyìn tí á máa jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, orin àwọn ará etí ọ̀sà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà orin àwọn bíríkìlà tó wá láti Ọ̀ṣun àti Èkìtì, tí wọ́n ń mọ ilé kiri Lekki. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Oṣù kan péré ni mo fi gba orin mọ́kànlá lẹ́nu Màmá. Mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ká ní a gbé e jáde lóṣù kejì ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo la fẹ́ gbé e gbà? Ìjà bẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ ká lọ tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà fúnra wa ní Ṣómólú, ká pín in fún àwọn ará àdúgbò. Tíṣà ní ìwé ìròyìn kì í ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ó ní ká gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, la bá lọ sí ọ́fíìsì àwọn kan tó ń gbé orin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní Lekki Phase 1, níbi tí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ti mú mi títí eyín mi fi ń gbá ara wọn. Àǹtí tó gbà wá lálejò fetí sí orin kan lórí fóònù mi, kò gbọ́ ọ dé ìdajì. Ó ní ó dáa o, àmọ́ ta ló máa tẹ̀ ẹ́ wò? Ó ní ká fi àwọn olórin tó ń gbóná báyìí síwájú, ká fi Màmá sẹ́yìn pátápátá, ká sì yọ gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ kúrò, torí fóònù ẹlòmíràn kì í gbé e. Tíṣà dìde lórí àga láìdágbére. Eruku ọ̀nà tí wọ́n ń fẹ̀ nígbà yẹn bò wá látorí délẹ̀ títí a fi dé Jakande.

Báyìí ni oṣù ń gorí oṣù. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, Màmá á béèrè, "Ìwé yẹn dà?" Màá ní, "Ó kù díẹ̀, Mà." Irọ́ ni. Kò sí ohun tó kù díẹ̀.

Ìgbà tó yá, Tíṣà rí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwé fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àwọn á gbà á, àwọn á gbé e dé gbogbo ilé ìwé, tó bá jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò la fi kọ ọ́. Ó ní ọmọ ilé ìwé ò gbọdọ̀ máa ka ẹ̀ka èdè kó wá lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò. Ojú Tíṣà tàn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lọ́kàn mi, àwọn ọmọ-ọmọ Màmá tí wọ́n jókòó ní kíláàsì, tí wọ́n ń ka orin ìyá wọn àgbà. Ọ̀nà tó gbòòrò jù nìyẹn, a sì mú un.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Tíṣà jókòó ti mí, ó ń fi ìka tọ́ka, èmi ń pa á rẹ́. Màmá ní "ulé", a sọ ọ́ di "ilé". Màmá ní "ugbá", a sọ ọ́ di "igbá". Ibi tí gbólóhùn kan ò bá ti yé Tíṣà, ó fi tiẹ̀ rọ́pò rẹ̀. "Ulé" yẹn ló bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́. Màmá máa ń fa "u" náà gùn, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó fẹ́ sunkún. Ó ní ibẹ̀ yẹn gan-an làwọn obìnrin tó kù máa ń bọ́ sínú orin. Ta ló fẹ́ fa "i" bẹ́ẹ̀? Mo sọ ọ́ fún Tíṣà. Ó ní kí n má fi àánú ba iṣẹ́ jẹ́. Mo dákẹ́, torí òun ló kọ́ mi níwèé. Mo ń bínú sí Tíṣà, àmọ́ ìdákẹ́ tèmi yẹn ló ń dùn mí jù.

Inú fáìlì kan náà ni mo ti ń tún un ṣe, mi ò fi ti tẹ́lẹ̀ pamọ́ síbì kankan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà béèrè fọ́tò etí ọ̀sà, fóònù mi ti kún, kò gba fọ́tò mọ́. Mo pa àwọn ohùn Màmá rẹ́ kí ààyè lè wà. Mo ti tẹ̀ wọ́n, kí ni mo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe? Màmá fúnra rẹ̀ ṣáà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá wù mí, màá ní kó tún un kọ.

Ilé iṣẹ́ yẹn dá wa dúró ju ọdún kan lọ. Láàárín ìgbà yẹn ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó ń pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ní kékeré. Kò béèrè ìwé mọ́. Kí n má purọ́, ara tù mí pé kò béèrè mọ́.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú lẹ́tà. Wọ́n ní ìwé ìdánwò làwọn ilé ìwé ń fẹ́, wọn ò fẹ́ ìwé ìròyìn, nítorí náà àwọn ò ní í tẹ ìyókù. Mo gbé e lọ bá Tíṣà. Ó yẹ gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ wò láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, ó ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ sinmi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá pè é, ọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn ún la máa ń sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gbé ìwé náà fún Màmá. Ó fọwọ́ pa á, ó ní bébà rẹ̀ dáa. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rọra ka orin àkọ́kọ́ sí i létí. Mò ń wo ẹnu rẹ̀, mò ń retí kó gbà á lẹ́nu mi. Mo kà á dé òpin.

"Ó dáa o," ló wí. "Orin ibo ni?"

"Tiyín ni, Màmá."

"Tèmi kẹ̀? Èmi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ìgbàgbé rẹ̀ ló ti le tó bẹ́ẹ̀, àbí àwa la tún orin náà ṣe títí tí ẹni tó ni ín ò fi mọ̀ ọ́n mọ́. Ó fà mí lọ́wọ́ aṣọ, ó ní, "Dá a, màá gbè é."

Mo la ẹnu. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń kọrin níwájú mi, orí kọ̀ǹpútà ni ojú mi wà, mi ò bá a gbè é lẹ́ẹ̀kan rí. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé lọ́wọ́ mi pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, mi ò sì rántí ohùn orin náà.

"Mi ò mọ̀ ọ́n dá, Màmá."

Ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ó tún ti ń pè mí ní àbúrò rẹ̀. Ó ní kí n má sunkún, pé tí ìyá wa bá ti ọ̀sà dé, á kọ́ àwa méjèèjì.