Ohun Tí Oníbèéèrè Kọ Sílẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ogún ọdún gbáko ni obìnrin yìí fi ń ti ilé dé ilé, tó ń bi àwọn èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Iye ọmọ tí wọ́n bí, irú omi tí wọ́n ń mu, bóyá ọkọ̀ tètè ń dé ládùúgbò wọn, kò sí ohun tí kò tíì bi èèyàn rí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ nù mọ́ àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́, Oníbèéèrè ni wọ́n ń pè é. Àwọn aláwàdà a máa sọ pé bó bá dé ọ̀run, òun ni yóò kọ́kọ́ bi olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Òun náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó bá ti yọ fọ́ọ̀mù jáde nínú báàgì, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ojú rẹ̀ yẹn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún tó wọ iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wọn nínú gbọ̀ngàn kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Ohun tí ọ̀gá wọn tẹnu mọ́ jù ni pé oníbèéèrè kò gbọdọ̀ mi orí, kò gbọdọ̀ fajú ro, kò gbọdọ̀ sọ pé "ẹn-ẹ́n" tàbí "ó mà ṣe o". Bí èèyàn bá rí i lójú rẹ pé ọ̀rọ̀ òun dùn mọ́ ọ, ohun tó rò pé o fẹ́ gbọ́ ni yóò máa sọ, fọ́ọ̀mù rẹ á sì di irọ́. Kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, dúpẹ́, kó o máa lọ. Obìnrin yìí gbé ẹ̀kọ́ náà délé, ó dúró níwájú dígí, ó sì kọ́ ojú rẹ̀ títí ojú náà fi gbọ́ràn. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ le tó tirẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé ìyìn nítorí ẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀.

Nígbà tí ìròyìn ọ̀fìnkìn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti òkèèrè, kò tíì sí ẹni tó kó o nítòsí. Ilé iṣẹ́ ìlera wá ní kí wọ́n lọ gbọ́ tẹnu ará ìlú. Kí lẹ gbọ́ nípa àrùn yìí? Ṣé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín? Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá dé, ṣé ẹ máa gbà á? Tó bá dọ̀rọ̀ irú èyí, ta lẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù? Ìbéèrè mẹ́rìnlá ni, ilé kẹfà-kẹfà ni wọn yóò sì máa wọ̀ ní òpópónà kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn kò kéré. Wẹ́dà kan ní àwọn tó ń ta oògùn ikọ́ ló fẹnu dá àrùn náà sílẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára irin tó ń jó tó fi sọ ọ́. Olùkọ́ kan ti fi ọṣẹ nu ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ títí ọ̀dà fi bó. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù hàn án, ìbòmú kún ibẹ̀ dé òkè, ó wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún aládùúgbò. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kan ní ikú kọ́ ni òun ń bẹ̀rù, kí wọ́n má ti ilé ìwé ni, torí bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jókòó ti òun fún oṣù kan, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé lọ sọ́sibítù.

Ìyá àgbà kan ní ilé tó kángun sí ìparí òpópónà yí ìbéèrè ẹ̀rù náà padà sí i. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ẹ̀rù ń ba ìwọ náà?"

Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èrò tiyín la fẹ́ mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù gidi. Ó ti ka ìwé tí wọ́n pín ní ọ́fíìsì, ó sì mọ àwọn tí àrùn náà ń mú balẹ̀ jù, àgbàlagbà tí àyà rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Nígbàkigbà tó bá kà á, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá sí i lọ́kàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ọdún mẹ́rìnlá ni ẹ̀gbọ́n yìí fi jù ú lọ. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ẹ̀gbọ́n ló sì di ìyá. Alágbàfọ̀ ni. Ọdún méjìlélógójì ló ti ń dúró nídìí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, tí ooru omi gbígbóná ń fẹ́ wọ̀ ọ́ nímú, tó fi di pé bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, yóò dúró mí. Abẹ́ tábìlì yẹn ni àbúrò ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ títí tó fi jáde ìwé. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé. Bí lẹ́tà bá dé, àbúrò ni yóò kà á fún un, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó lanu, ẹ̀gbọ́n á ti wo ojú rẹ̀, á ti mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi. Kì í ṣì í.

Bí wọ́n ti ń ka ilé kẹfà-kẹfà lọ, ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Ìlànà ni pé oníbèéèrè kì í wọ ilé ẹbí rẹ̀, ẹlòmíì ló yẹ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní òdìkejì ìlú, ọ̀la sì ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù. Ó ní kí ló wà níbẹ̀, bí òun ṣe ń bi gbogbo èèyàn ni òun yóò bi í. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó ṣojúsàájú, ó tún mú ojú rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Láti ilé iṣẹ́ ìlera ni mo ti wá."

Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ìwọ tí mo wẹ̀ fún? Ilé iṣẹ́ ìlera wo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ ni."

"Ó dáa, ọ̀gá. Ẹ jókòó. Ẹ má jókòó lé aṣọ oníbàárà mi o."

Ó bi í bóyá ẹ̀rù àrùn náà ń bà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀fìnkìn tó ti ń ṣe òun láti kékeré náà ni wọ́n wá sọ di ńlá yìí? Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò. Ojú náà dúró bí ògiri.

Ó bi í léèrè abẹ́rẹ́. "Abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n gún ọjọ́sí, ọ̀sẹ̀ kan ni apá oníbàárà mi kan fi wú. Apá ni mo fi ń jẹun. Mi ò rò pé mo máa gbà á." Ó dákẹ́, ó tún wo àbúrò rẹ̀. "Àbí?"

Nínú iṣẹ́ yìí, "àbí" kì í ṣe èsì. Oníbèéèrè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò rò pé òun máa gbà á, apá ló fi ń jẹun. Ó ní, "Ẹ ṣé mà," ó sì bọ́ sí èyí tó kàn. Nígbà tó dé orí ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù, oníbàárà kan ti ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ. Ẹ̀gbọ́n fèsì kíá, òun náà sì kọ ọ́ kíá, ọ̀rọ̀ náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láì gba ọkàn rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí òun ò bá gbé báàgì dání, òun á padà wá bá a sọ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́ náà kò dé. Wọ́n rán an lọ sí àwọn ìlú mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ibẹ̀ ló wà tí abẹ́rẹ́ fi dé, tí wọ́n gún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó ní ṣé wọ́n ti lọ gbà á. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣebí mo ti sọ fún ẹ nígbà yẹn." Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n yìí rí láyé rẹ̀, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó dáa, ó wá béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ nílé.

Ìgbà tó padà dé, ọ̀fìnkìn ńlá ti wọ ìlú, ẹ̀gbọ́n sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ìbòmú ló fi wọlé, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi láàárín.

"Lọ́jọ́ tó o wá bi mí léèrè, mo wo ojú rẹ. Mo ní àbí. Ojú rẹ ò yí padà. Mo wá ní, ó ti bi gbogbo ìlú, ó ti kàwé ẹ̀. Tó bá burú ni, ǹ bá ti rí i lójú ẹ̀." Ó sinmi. "Mi ò bá ẹ wí o. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé mi ò ṣorí kunkun."

Àbúrò sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Yọ nǹkan yẹn kí n rójú ẹ."

Ó wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì mi orí pé rárá. Ẹyinjú méjèèjì nìkan ló wà níta, omi sì ń dà nínú wọn, kò sí dígí tó lè kọ́ wọn ní nǹkan kan mọ́. Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń wò ó kó tó ka lẹ́tà.

Ó ní, "Ẹn-ẹ́n. Mo ti rí i."

Àrùn la lè wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n padà sí àwọn ilé tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wò bóyá èrò ará ìlú ti yí. Wọ́n kó fọ́ọ̀mù ti tẹ́lẹ̀ fún wọn. Oníbèéèrè ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì ọ́fíìsì títí tó fi dé orí ti ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Ó ka ti abẹ́rẹ́. Ó ka ti ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù, níbi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti sáré kọ ọ́ pé: "Àbúrò mi ni. Ẹni tó ń béèrè kì í ṣìnà."

Ó tún kà á. Ẹnì kan béèrè bóyá kò sí nǹkan, ó ní kò sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé ìyá àgbà ní ìparí òpópónà. Ó bi í ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pẹ̀lú ojú iṣẹ́. Ìyá ní òun ò tíì gba abẹ́rẹ́, kò sì jọ pé òun máa gbà á. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó dúpẹ́, ó ká fọ́ọ̀mù, ó dé bírò lórí, ó sì gbé báàgì jáde lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó padà wọlé wá jókòó.

Ó ní, "Mà, ẹ bi mí léèrè nígbà yẹn bóyá ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò dá yín lóhùn."

Ìyá wo ojú rẹ̀. Ojú náà kò gbọ́ràn mọ́, ètè ń gbọ̀n, imú ń ṣomi, kò sì gbìyànjú láti dá a dúró. Ìyá wò ó títí, kò béèrè ẹni tó kú. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń gún un?"