Ibi tí Kámẹ́rà Máa Dúró Sí

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí ìgbéyàwó mi, ó ti rẹ̀ mí débi pé bí wọ́n bá bi mí bóyá mo ti jẹun, màá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúùlú, mi ò tíì ríṣẹ́, gbogbo ilé sì gbà pé èmi ni ọwọ́ mi dilẹ̀ jù. Èmi ni mò ń lọ wo aṣọ ní Ọjà Tuntun, èmi ni mò ń pe àwọn tó ń yáni ní àga. Ti onífọ́tò tún wá kún un.

Ohun tí wọ́n ní kí n pinnu kò le: ìgbà wo ni kí onífọ́tò dé, ìgbà wo ni kí ó lọ. Ọkọ mi, tí kò tíì di ọkọ mi nígbà náà, sọ lórí fóònù pé yìgì àti gbọ̀ngàn ti tó, pé ta ló máa jókòó wo gbogbo fọ́tò yẹn. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo gbà tán, ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó ń dà á láàmú.

Onífọ́tò náà ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti apá Ọ̀ṣun ni, ó ń gbé ní àdúgbò Fate, ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó bi mí pé ta ló máa mú mi wọlé níbi yìgì, kí òun lè mọ ibi tí òun máa dúró sí.

"Kò sẹ́ni tó máa mú mi wọlé," ni mo wí. "Mi ò ní í sí níbẹ̀."

Ó wò mí. "Níbi yìgì yín?"

Mo ṣàlàyé fún un pé bàbá mi àti àwọn ẹbí ọkọ ló máa jókòó níwájú àwọn àáfà, pé wọ́n á ti bi mí bóyá mo gbà kí wọ́n tó so yìgì, àti pé nílé wa, ìyàwó kì í jáde síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fẹ́ kí n fi gbogbo àárọ̀ ya fìlà àwọn àgbàlagbà. Níbo gan-an lẹ̀yin máa wà?"

"Nínú yàrá ìyá mi."

"Ṣé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí èmi náà wà?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí dáadáa, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mò ń sọ di ńlá. Ọjà Ipata ni ìyá mi ti ń ta àgbàdo àti ọkà bàbà, kì í sì í jókòó. Nígbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ̀yìnkùlé ló wà pẹ̀lú àwọn tó ń dáná láti àárọ̀. Nínú álíbọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ìyá mi nìkan lẹ máa rí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, èéfín sì bo orí rẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ dáadáa wà nínú rẹ̀ ju ìyá mi lọ. Kò sóhun tó ṣe ìyá mi o, ara rẹ̀ le. Ẹ̀rù kàn ń bà mí pé màá lọ sílé ọkọ láìní fọ́tò kan ṣoṣo tó fi hàn pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ojú rẹ̀ sì kọ sí mi.

Ìgbà kan ṣoṣo ló máa ń jókòó: ní ìrọ̀lẹ́, bí ìyàwó bá ti gbọ̀ngàn dé, tó wá kúnlẹ̀ nínú yàrá kí ìyá ṣàdúà fún un. Lẹ́yìn náà àwọn obìnrin ilé á mú un lọ sílé ọkọ. Ìyá ìyàwó kì í bá wọn lọ. Mo bá ní kí onífọ́tò dúró títí di ìgbà yẹn.

Ìyá mi ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà nígbà tí mo sọ fún un. Kò gbójú sókè.

"Kí wọ́n lè gbé ẹkún mi sórí sítétọ́ọ̀sì fóònù?"

"Wọn ò ní í gbé e, Ìyá. Ọwọ́ èmi nìkan ló máa wà."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí. Ìyá ìyàwó kan níwájú ibí yìí, gbogbo Ipata ló rí i bí ikun ṣe ń já bọ́ nímú rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ti álíbọ́ọ̀mù, ti ẹ̀yìn, ti ìkòkò, ti ẹ̀rù tó ń bà mí. Mo sọ ọ́ títí ó fi ṣa ẹ̀wà náà tán.

"Yunifásítì tí o lọ yìí," ni ó wí, "wọn ò kọ́ ẹ bí èèyàn ṣe ń dákẹ́?" Ó gbọn ìdọ̀tí kúrò lára ìró rẹ̀. "Jẹ́ kó wá. Bó bá di ọjọ́ náà, a ó rí i."

Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà ni àbí kò gbà, mo sì ń gbé e kiri lọ́kàn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, onífọ́tò ya èmi àti àwọn àbúrò ìyá mi nínú yàrá títí ó fi sú wa. Gbogbo ìgbà tó bá bèèrè Màmá, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ó lọ bá a níbẹ̀. Bí ìyá mi ṣe rí kámẹ́rà, ó yí padà sí ìkòkò. Ẹ̀yìn náà nìyẹn. Ní gbọ̀ngàn, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó kí àwọn àna, ó sì ti jáde kí onífọ́tò tó rí ọ̀nà gbà kọjá láàárín àga.

Lẹ́yìn ìrun Alaásárì, a padà sílé. Ìyá mi ti wà nínú yàrá. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, onífọ́tò sì wà lẹ́yìn mi, kámẹ́rà ti wà lójú rẹ̀. Ìyá mi wò ó.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti fún ẹ lóúnjẹ?"

Ó ní wọn ò tíì fún òun, mà. Ìyá mi ké sí àwọn tó wà níta pé kí wọ́n bu oúnjẹ fún un, ó ní kí ó lọ jókòó jẹ ẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn.

Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Mò ń retí ẹkún, torí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ múra sílẹ̀ fún un, mo tilẹ̀ ti mọ bí màá ṣe nu ojú kí tìróò má baà ṣàn. Ẹkún náà ò dé. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá dá àdúà dúró.

"Jẹ́ kí n na ẹ̀yìn díẹ̀," ni ó wí.

Kí n tó dìde lórí eékún, ó ti sùn lọ. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, òórùn àlùbọ́sà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti lára gèlè mi níbi tó gbé e lé. Ojú rẹ̀ kọ sí mi gbangba. Fóònù mi wà nínú pọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wo pọ́ọ̀sì náà. Ẹkún ló ní kí wọ́n má yà, kò sọ ti oorun, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mo fi fóònù sílẹ̀ níbẹ̀, mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ibùsùn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó rẹ èmi náà. Láti ọjọ́ tí ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni kò sí ohun tí mò ń rò.

Àwọn obìnrin ilé wá kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi lajú, ó gbé ọwọ́ padà sórí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúà náà níbi tó ti dá a dúró. Ó ṣe àmín. Ó ní kí n dìde, kí èmi àti àwọn obìnrin náà lè dé ilé ọkọ kí wọ́n tó kírun Mògáríbì.

Nígbà tí àwọn fọ́tò dé, mo gbé fóònù lọ sí Ipata lọ fi hàn án. Ó yára kọjá lórí ojú mi àti fìlà àwọn àgbàlagbà. Ó dúró lórí ọ̀kan tí onífọ́tò ti yà lẹ́yìn tó jẹun tán: ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní títì, bàtà gíga mi níwájú rẹ̀, àti sílípáàsì tirẹ̀, tí epo ta sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi.

"Sílípáàsì tí mo fi dáná nìyí," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé epo wà lára rẹ̀."

Obìnrin kan dúró, ó ń bèèrè àgbàdo. Ìyá mi ṣì ń wo fọ́tò náà. Nígbà tó yá, ó ní kí n fi í ránṣẹ́ sórí fóònù òun, kí n má sì gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì. Ó dá fóònù padà fún mi, ó sì fa apẹ̀rẹ̀ àgbàdo mọ́ra.