Mùkáílà, Báwo Ni Òkun?

Gbogbo Àpómù ló mọ ìtàn ẹja tí Mùkáílà Oyèwùmí fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò. Oṣù Ògún ni, ní ọ̀kan nínú àwọn ọdún tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣàkóso, tí kòkó sì ń mówó wá. Mùkáílà ti etí òkun dé pẹ̀lú ṣáwá tútù kún inú apẹ̀rẹ̀. Àwọn apẹja ti sọ fún un pé kó yan án kó tó gbéra, ṣùgbọ́n ó ní àgbẹ̀ kòkó ni òun, kò sí ẹni tó lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan tútù. Bó ṣe délé, ó da ẹja náà jọ sẹ́yìnkùlé gẹ́gẹ́ bí a ti ń da hóró kòkó tuntun jọ, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó dáadáa, ó sì gbé igi lé e lórí kó lè làágùn.

Sàlámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá Nàfísátù, ẹja kì í ṣe kòkó o."

"Tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bo kòkó, ṣé kì í rùn ni?"

"Ó máa ń rùn."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà a óò sá a sóòrùn, òórùn rẹ̀ á sì dára."

"Ó tán," ni Mùkáílà wí. "Ní sùúrù."

Kò pẹ́ tí àwọn ewúrẹ́ fi kó kúrò lẹ́yìnkùlé wọn. Ní mọ́ṣáláṣí, lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn súrà tó kúrú jù. Nígbà tó yá, wòlé-wòlé gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìkirè, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà ilé Mùkáílà.

"Ta ló kú síbí?" ni wòlé-wòlé bèèrè láti inú áńkáṣífù tó fi bo imú.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Mùkáílà dá a lóhùn. "Ẹ padà wá tá a bá ti sá a tán. Ẹ̀yin náà á fẹ́ mú díẹ̀ lọ sílé."

Ìdí igi kòkó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí, wọ́n sì sin gbogbo ẹja náà síbẹ̀ lójú wòlé-wòlé. Nígbà tí ọdún yípo, igi náà so bí kò ṣe so rí. Èso bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mùkáílà a máa dúró sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, a máa na ọwọ́ sí i fún àwọn tó ń kọjá lọ sóko. "Mo sọ fún yín pé ó máa dára," ni yóò wí. "Ibi tó máa gbà dára nìkan ni mi ò mọ̀."

Bí ọ̀rọ̀ òkun ṣe wọ ilé àgbẹ̀ nìyí. Ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹja abẹ́ ewé yẹn, apẹja kan tó ń jẹ́ Ọládipọ̀ wá ta ẹja yíyan lọ́jà Àpómù, òjò dá a dúró, Mùkáílà sì gbà á sílé. Nígbà tí Ọládipọ̀ ń padà lọ, ó ní kí Mùkáílà wá kí òun létí òkun. Láti ọdún náà lọ, tí Mùkáílà bá ti ro abẹ́ kòkó rẹ̀ tán, tí àwọn àgbẹ̀ yòókù jókòó tí wọ́n ń retí ìkórè, òun á di ẹrù rẹ̀. Á wọ lọ́rì lọ sí Ìbàdàn, á gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ẹ̀pẹ́, á sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí abúlé Ọládipọ̀. Tó bá padà dé, kò ní sọ̀rọ̀ kòkó mọ́ títí kòkó fi máa pọ́n.

"Ẹ̀yin rò pé gbogbo ìgbà ni òkun máa ń gbàlejò," ni yóò wí. "Lóṣù Agẹmọ, ìgbì á ga, ó lè da ọkọ̀ nù bí ẹni da omi ìṣanwọ́ nù. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù Ògún, òjò á dá díẹ̀, omi á tutù bí omi inú àmù. Ìgbà yẹn ni ṣáwá máa ń sún mọ́ etí. Ọ̀bọ̀kún á tẹ̀lé ṣáwá. Kúta á tẹ̀lé ọ̀bọ̀kún. Èmi á sì tẹ̀lé kúta."

Àwọn èèyàn wá sọ ọ́ di ìkíni. Dípò kí wọ́n bi í nípa ilé àti ọ̀nà, wọ́n á ní, "Mùkáílà, báwo ni òkun?" Òun náà kì í bínú. Á dúró lójú ọ̀nà oko Ìkòyí, lẹ́bàá Àpómù, níbi téèyàn ò ti lè rí omi tó ju ti inú kẹ̀rẹ̀gbè lọ, á gbé imú sókè, á ní, "Ó ń bínú díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á rọ̀."

Ẹni tó fẹ́ràn àtibéèrè jù ni Obadiah Olúsànyà, akọ̀wé ní ilé ìtajà kòkó kan ní Ìkirè. Obadiah ti gbé Èkó rí, ó sì gbà pé ohun tí òun kò bá rí níbẹ̀, kò sí ní gbogbo ayé. Ní ọjọ́ kan tí Mùkáílà gbé kòkó wá, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn lórí ẹja kúta kan tí òun bá jà.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?" ni Obadiah bèèrè.

Mùkáílà wò yíká. "Ẹ rí àpò kòkó yẹn?"

"Mo rí i."

"Tí ẹja náà bá rí i, ó máa fi rẹ́rìn-ín."

Àwọn tó ń gbé àpò sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Obadiah mi orí. "Mùkáílà, mo gbé Èkó. Mo mọ òkun. Mi ò rí irú ẹja bẹ́ẹ̀ rí."

"Ẹ gbé Èkó lóòótọ́, akọ̀wé. Ẹ̀yìnkùlé òkun lẹ gbé. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni èmi máa ń lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Obadiah. Ó dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, ó wá sọ ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta. "Sàídì awakọ̀ sọ fún mi pé tí lọ́rì bá dé orí afárá Ọ̀ṣun, ẹ máa ń dijú títí ẹ ó fi kọjá. Ẹni tí kò lè wo odò, ṣé òun ló ń wọ inú òkun?"

Mùkáílà ní òun máa ń ṣe àdúà lórí afárá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dé Àpómù kó tó délé.

Sàlámọ̀tù ló kàn jù. Tó bá lọ sọ́jà, àwọn obìnrin á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ kò ra ẹja náà ní Ẹ̀pẹ́. Àrínọlá aláta tiẹ̀ bi í bóyá kò sí ìyàwó mìíràn tó ń yan ẹja náà fún un. Sàlámọ̀tù a máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n tó bá délé, á jókòó, á máa wo apẹ̀rẹ̀ ẹja. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ìtàn rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé tí wọ́n bá ní irọ́ ni, òun kò lè búra pé òótọ́ ni. Nítorí náà, ní ọdún kan, bí Mùkáílà ṣe ń di ẹrù, òun náà gbé àpò tirẹ̀ jáde.

"Lọ́dún yìí, èmi náà ń lọ."

Ọwọ́ Mùkáílà dúró lórí okùn ẹrù. "Òkun ò dára lọ́dún yìí."

"Àná lẹ sọ fún akọ̀wé pé ó dára."

Mùkáílà ronú díẹ̀. "Ó yí padà láàárọ̀," ni ó wí, ṣùgbọ́n ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí afárá Ọ̀ṣun, ó dijú. Lórí ọ̀sà, ó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó fi aṣọ bo orí. Sàlámọ̀tù bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Láti abẹ́ aṣọ, ó ní òun ń tẹ́tí sí ohun tí omi ń sọ. Sàlámọ̀tù, tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀, jókòó gbọnrangandan, ó ń jẹ àkàrà.

Bí wọ́n ṣe gòkè, àwọn ọmọdé sáré wá láti inú ilé, wọ́n ń pariwo pé, "Bàbá Kòkó ti dé." Àwọn àgbà náà jáde. Kò sẹ́ni tó bi Mùkáílà bí òkun ṣe rí. Arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ló rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Bàbá Kòkó, báwo ni kòkó?"

Sàlámọ̀tù rí i tí ọkọ rẹ̀ gbé imú sókè bó ṣe máa ń ṣe nílé. "Ó ń pọ́n lórí igi báyìí," ni Mùkáílà wí. "Èso kan wà lóko mi, ọkùnrin méjì ló ń gbé e."

Kò sí èso kan lóko náà tí Sàlámọ̀tù kò lè fi ọwọ́ kan gbé. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo gbogbo àwọn tó ń gbọ́ ọ tẹnu wọn là sílẹ̀, ó sì jókòó sórí òkìtì àwọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Wọ́n rò pé ìrìn àjò ló rẹ̀ ẹ́, wọ́n lọ bu omi wá fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo abúlé bọ́ sí etí òkun. Òjò ti dá, omi tutù, ẹyẹ funfun ń já wálẹ̀ lórí ibi tí ṣáwá wà, gẹ́lẹ́ bí Mùkáílà ṣe máa ń sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ gbé àwọ̀n wọ inú ọkọ̀. Sàlámọ̀tù dúró, ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú wọn. Ọkọ̀ wọ inú ìgbì lọ. Mùkáílà ṣì dúró lórí yanrìn.

"Ìyàwó wa, ẹ ò mọ̀ ni?" ni Ọládipọ̀ wí fún un ní ohùn jẹ́jẹ́. "Ọdún tó kọ́kọ́ wá, a gbé e wọ ọkọ̀. Ká tó kọjá ìgbì àkọ́kọ́, ó ti dá gbogbo oúnjẹ àná padà fún àwọn ẹja. Látìgbà yẹn, ilẹ̀ ló ń dúró sí."

Ọkàn Sàlámọ̀tù rẹ̀wẹ̀sì.

"Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná," ni Ọládipọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí okùn dé."

Okùn àwọ̀n dé etí omi, gbogbo èèyàn sì dì í mú. Mùkáílà ló wà níwájú. Ó gbin gìgísẹ̀ sínú yanrìn, ẹsẹ̀ tó ti ń ru kòkó láti ìgbà èwe, ó fà á. Òkun fà á padà. Ó tún fà á. Iṣan ọrùn rẹ̀ le, òógùn bò ó, kò sì dijú rárá. Òun ló ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Nígbà tí àwọ̀n wá wúwo jù, àwọn ọ̀dọ́ méjì jókòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mùkáílà kò tú ọwọ́. Sàlámọ̀tù bọ́ bàtà, ó so gèlè mọ́ ìdí, ó sì di okùn mú lẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

Lálẹ́, Ọládipọ̀ fún wọn ní ìpín wọn, ọ̀bọ̀kún kan wà lára rẹ̀. Sàlámọ̀tù sè é pẹ̀lú ata púpọ̀. Kò jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ rí. Mùkáílà kò jẹun púpọ̀, kò sì pa ìtàn kankan.

"Kí lo máa sọ fún wọn nílé?" ni ó bèèrè níkẹyìn.

Sàlámọ̀tù lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Lórí ọ̀rọ̀ wo?"

"Lórí ọ̀rọ̀ ẹja."

"Màá sọ fún wọn pé ọkùnrin méjì ló gbé e," ni Sàlámọ̀tù wí. "Wọ́n sì sinmi lọ́nà."

Bó ṣe sọ ọ́ fún Àrínọlá aláta nìyẹn, lójú gbogbo ọjà, láìrẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé Ìkirè, Obadiah mi orí, ó ní òpùrọ́ ilé náà ti di méjì báyìí.

Inú oṣù Òkúdù ni Mùkáílà kú, lẹ́yìn àìsàn díẹ̀, kí abẹ́ kòkó tó di rírò. Ní ọjọ́ fídáù, inú àgbàlá kún. Wọ́n tún ìtàn ẹja abẹ́ ewé sọ, kódà lèmọ́mù náà sọ tirẹ̀ nípa àwọn súrà kúkúrú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Obadiah, tó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá, sún mọ́ Sàlámọ̀tù.

"Ìyá Nàfísátù, ẹ má bínú. Mi ò bèèrè kí n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni ó bá òkun jà?"

Sàlámọ̀tù rántí gìgísẹ̀ tó wọ inú yanrìn. "Akọ̀wé, mo wà lẹ́yìn rẹ̀," ni ó wí. "Òkun fà á, òun náà fa òkun. Òun ló borí."

Obadiah mi orí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe máa ń mì í tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí oṣù Ògún dé, ó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lọ, ó bá Sàlámọ̀tù lábẹ́ igi kòkó tó jẹ ẹja, tó ń gbá ewé ibẹ̀ jọ. Ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kí ara wọn. Ó dúró, ó ń nu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí kò dọ̀tí.

"Ìyá Nàfísátù," ni ó wí, "báwo ni òkun?"

Sàlámọ̀tù gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀. Òjò ti dá láti àná. Ó kọjú sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ó gbé imú sókè. Òórùn ewé tútù nìkan ló wà nínú afẹ́fẹ́.

"Ó ti tutù," ni ó wí. "Ṣáwá ti sún mọ́ etí."

"A dúpẹ́," ni Obadiah wí, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́.