Ópẹ́rà Tó Ń Jó Aṣọ

Alágbàfọ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, òun ló ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀gbọ́n mi ń ká a lẹ́yìn kọ́tìnnì, èmi sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi lẹ́nu ọ̀nà, mò ń rán bọ́tìnì tó bá já. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún mi nípa ọkùnrin yìí tí n kò tíì mọ̀.

Ópẹ́rà ni àìsàn rẹ̀. Eré tí wọ́n ń kọ lórin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ópẹ́rà: bí ẹnì kan bá fẹ́ bèèrè omi, orin ni yóò fi bèèrè, ẹni tí yóò bu omi náà yóò kọ́kọ́ kọ orin tirẹ̀ tán kó tó wá ife. Rẹ́kọ́ọ̀dù wọn kún orí pẹpẹ tó yẹ ká kó ọṣẹ sí. Ọ̀gá, bí mo ṣe ń pè é, kì í wo aago. Ṣẹ́ẹ̀tì kan, orin kan. Aṣọ ìyàwó, ìdajì eré. Bí oníbàárà bá bèèrè ìgbà tí aṣọ òun máa ṣetán, yóò ní, "Ẹ padà wá tí ọmọ ọba bá ti sá kúrò nílé." Kí oníbàárà lọ wádìí aago tí ọmọ ọba máa ń sá.

Ẹni tó bá wá gba aṣọ yóò sì gba ìmọ̀ràn mọ́ ọn. Ó yan ópẹ́rà fún dókítà, ó yan fún awakọ̀. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kó ẹrù jáde, èyí tí wọ́n ti pa ọkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló yá a. Obìnrin náà ní ó tu òun lára gan-an.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí yàn fún, ìyàwó rẹ̀. Ó dùn ún, ó sì sọ ọ́ fún mi.

"Àbúrò, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la ti fẹ́ra. Ìyá wọn ò bá mi jókòó gbọ́ ẹyọ kan tán rí. Mo fẹ́ kó bá mi gbọ́ ẹyọ kan kí n tó kú."

Kò ṣàìsàn kankan o. Àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ ópẹ́rà, ikú kì í jìnnà sẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ìkàwé tó kọjú sí wa ní kó yan èyí tó fẹ́ràn jù, kí gbogbo àdúgbò wá gbọ́ ọ ní ọ̀sán Sátidé. Kíá ló fa ti ọba kan yọ: wákàtí mẹ́rin, ogun mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọba yẹn fọ́nnu pé ààyò òun nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi yọrí lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Bàbá wọn, aṣọ mélòó lẹ ti jó nítorí ọba yẹn?"

Ọ̀gá ronú. Kò rántí ìkankan, ìyàwó rẹ̀ ló bá a dáhùn:

"Ẹyọ kan ò jó. Ìgbà tí ọba bá ń jagun lẹ máa ń lọ aṣọ dáadáa jù. Àmọ́ ṣòkòtò dókítà, aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀wù funfun olùkọ́, ìgbà tí obìnrin tó ń ṣọ́ afárá ń kú ni gbogbo wọn jó. Ẹ má purọ́ fáwọn aládùúgbò."

Òtítọ́ ni. Ópẹ́rà kékeré kan ni, kò tó wákàtí kan. Obìnrin kan ń ṣọ́ afárá, ó ń dúró de ẹnì kan. Ọjọ́ tí ẹni náà dé gan-an ni obìnrin náà kú. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ orin ikú rẹ̀, ọ̀gá yóò pajú dé, áyọ́ọ̀nù yóò dúró sójú kan, èéfín yóò rú. Ìgbà náà ni yóò fa aṣọ yọ, tí yóò fara gbá tábìlì rẹ́kọ́ọ̀dù, tí yóò sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi omi. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún dókítà pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Dókítà ní ṣòkòtò òun kì í ṣe ilé ọba.

"Èyí ti kéré jù," ọ̀gá ń ráhùn. "Wọ́n á ní mi ò mọ nǹkan kan."

"Tó bá jẹ́ òun lẹ máa gbé lọ, mo ń bọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì padà sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ọ̀gá ò jiyàn mọ́.

Ní Sátidé, ó ṣàlàyé títí àga fi ń dun àwọn èèyàn nídìí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú, báàgì lórí itan. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń wò bí ẹni tó gbé mílíìkì kaná. Kò tòògbé, kò wo aago. Obìnrin afárá kú, ọ̀gá sunkún, mo sì dúpẹ́ pé kò sí áyọ́ọ̀nù nítòsí.

Àfi bí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe há. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ti ṣọ́ọ̀bù wúwo, ó máa ń wọ́ kọjá ibi tó ti họ látàrí fífara gbá tábìlì. Ti ilé ìkàwé fúyẹ́, ibì kan náà ló ń padà sí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ojú ń tì í.

"Báwo ló ṣe wá parí?" dókítà bèèrè.

Ọ̀gá wò mí, mo wo bàtà mi. Ọkùnrin tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ópẹ́rà ò mọ bí ààyò rẹ̀ ṣe parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde. Ibi tó jókòó sí ló ti mú orin náà, láìsí ọ̀rọ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́, títí tó fi sọ̀kalẹ̀ tó sì parí. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi lóhùn.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?" ọkọ rẹ̀ bèèrè.

"Ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Èmi ni mo máa ń bá yín gbọ́ ìyókù tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìnkùlé."

"O ò wá jókòó tì mí rí."

"Ẹ ò ní kí n wá jókòó rí. Kí n wá kẹ́kọ̀ọ́ lẹ máa ń wí."

Ọ̀gá wọ́ àga kan, ó jókòó tì í lójú gbogbo wa.

"Jọ̀ọ́, tún un kọ láti ibi tí rẹ́kọ́ọ̀dù há," ó ní. "Mi ò gbọ́ ibẹ̀ rí."